Bí Kíláàsì Ọbẹ̀ ní Thailand Ṣe Dá Mi Padà sí Kíṣìnì Mọ́mì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo lọ sí Thailand. Kì í ṣe ti òkun o. Kì í ṣe ti erin tí gbogbo ayé máa ń bá ya fọ́tò. Ti ọbẹ̀ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Mọ́mì mi mú mi wá sí Peckham ní London láti Ìbàdàn, mo sì fi kọ́lẹ́jì sílẹ̀ kó tó parí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ fojú fò ó.

Kí n tó dé orí Thailand, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ ọ́, ìyókù ò ní yé yín.

Èmi àti Mọ́mì mi nìkan la jọ wà nílùú yìí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì fífọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìdájí ni wọ́n máa ń jáde, wọ́n á sì ti padà sílé kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Old Kent Road, mo kó jáde, mo lọ ń gbé Forest Hill pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin méjì kan. Mo ní mo ti dàgbà nìyẹn.

Ní gbogbo Sọ́ńdè, Mọ́mì mi á wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Peckham, wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan, wọ́n á gbé e wá fún mi. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á kàn dé ni, wọ́n á ṣí fíríìjì mi, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Kàmọ́rù, ṣé omi àti mílíìkì nìkan lo fi ń gbélé ayé ni?"

Ní Sọ́ńdè kan, àwọn ọ̀rẹ́ wa kún pálọ̀, à ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí mo ń wá ojúrere rẹ̀. Mọ́mì dé, wọ́n gbé ìkòkò sórí kúkà, wọ́n ṣí i kí wọ́n lè gbé e gbóná. Ẹ̀fọ́ rírò ni. Irú wooro wà nínú rẹ̀ dáadáa, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ni ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé bá di imú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ló kú síbẹ̀ yẹn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín!

Kò tán síbẹ̀ o. Mo dìde, mo wọ kíṣìnì lọ bá Mọ́mì mi. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má gbé nǹkan báyìí wá síbí mọ́. Ó ń rùn."

Wọ́n wò mí. Wọn ò bú mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Mọ́mì mi, ẹ mọ̀ pé wọ́n lè bú èèyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì mumi sí i! Ọjọ́ yẹn, wọ́n kàn ní, "Ó dáa." Wọ́n rọra dé ìkòkò, wọ́n fi ìborùn wọn so ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n lọ. Mo padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Láti ọjọ́ yẹn, Mọ́mì mi ò se oúnjẹ fún mi mọ́.

Kì í ṣe pé à ń jà o. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á gbé fóònù. Tí mo bá lọ kí wọn ní Peckham, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Àmọ́ wọ́n á bi mí pé ṣé mo máa mu tíì. Wọ́n á to bisikíìtì mẹ́ta sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e síwájú mi pẹ̀lú bébà ìnuwọ́, bí ẹni pé ará kánsù ló wá yẹ ilé wò. Bisikíìtì! Èmi, Kàmọ́rù, ọmọ bíbí inú wọn! Wọn ò sì gbà kí n ran àwọn lọ́wọ́. Tí mo bá ní kí n fọ kọ́ọ̀pù, wọ́n á ní, "Jókòó, jókòó, àlejò ni ẹ́."

Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ọkùnrin wo ló máa jókòó sáàárín ọ̀rẹ́ kó ní inú òun bàjẹ́ torí pé ìyá òun fún òun ní bisikíìtì? Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Tí mo bá débẹ̀, ẹnu mi á wúwo. Ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́.

Wàsíù ọ̀rẹ́ mi ló ní ká lọ sí Thailand. Peckham níbí ni wọ́n bí Wàsíù sí, mọ́sálásí kan náà la ti jọ ń kírun láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ó ń sọ Yorùbá o, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìlú kan wà létí òkun tó ń jẹ́ Krabi, pé Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, a ò ní máa béèrè kiri bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oúnjẹ. Mo ní ó dáa. Òtútù ti sú mi.

Ní ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, ó jí mi, ó ní kí n wọ bàtà, òun ti sanwó kíláàsì.

"Kíláàsì kí ni?"

"Ti ọbẹ̀, bruv. Àwa fúnra wa la máa sè é!"

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó lọ sinmi, ó tún ń sanwó kó lè rí àlùbọ́sà gé! Mo bú u títí a fi wọ mọ́tò.

Ilé pákó kan ni wọ́n gbé wa lọ, tí àgbọn yí i ká. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, ni kíṣìnì wà. Àwa mẹ́fà la wá kọ́ṣẹ́. Obìnrin tó fẹ́ kọ́ wa jáde sí wa pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ ewé. Paa Mina la ń pè wọ́n. Paa, ohun tí wọ́n máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni nìyẹn lọ́hùn-ún.

Bí mo ṣe rí wọn, tí mo rí i pé wọ́n á ti ju Mọ́mì mi lọ díẹ̀, kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀! Àyà mi kan símẹ́ńtì. Ọgbọ́n orí kọ́, ara ló ṣe é fúnra rẹ̀. Paa Mina pariwo, wọ́n sáré wá, wọ́n rò pé oòrùn ló pa mí! Wọ́n di apá mi mú, ẹnì kan ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀, ẹlòmíì ń gbé omi bọ̀.

Wàsíù ní, "Kam, dìde jọ̀ọ́, wọ́n rò pé o ti kú!"

Nígbà tó ṣàlàyé fún wọn pé bí a ṣe ń kí ìyá nìyẹn, Paa Mina rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Láti ìgbà yẹn, wọn ò pe orúkọ mi mọ́. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò pọ̀, tèmi náà kì í sì í ṣe ti ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí náà a gbọ́ ara wa yé gan-an.

Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní odó olókùúta kékeré kan, wọ́n ní ká jókòó sórí ẹní. Ata gbígbẹ, ààyù, àlùbọ́sà kéékèèké, ewé tíì, àti ohun kan tó jọ atalẹ̀ ṣùgbọ́n tó le ju atalẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ la máa gún pọ̀ títí á fi kúnná. Ohun tí a máa fi se ọbẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú omi àgbọn funfun tó ki.

Ẹ̀yin èèyàn mi, odó kọ́ ni ẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà mí! Mo sọ fún àwọn Òyìnbó tó wà níbẹ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, kí wọ́n máa wò mí. Mo gbé ọmọ odó sókè bí ẹni tó fẹ́ gúnyán fún ìdílé méje. Mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ata fò!

"Yéè! Ojú mi! Kam, o ti fọ́ mi lójú!"

Wàsíù ni. Ata ti wọ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ó ń fò sókè, ó ń pe ìyá rẹ̀. Paa Mina bu omi sí i lójú títí, wọ́n sì padà wá bá mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé odó kò bá mi jà. Kí n fi ọmọ odó gba ẹ̀gbẹ́ odó, kí n má fi gba àárín. Kí n sì fetí sílẹ̀: tí ata bá ṣì wà lódidi, ìró rẹ̀ á máa dún kó, kó, kó. Tó bá ti kúnná, á máa dún pọ̀, pọ̀, pọ̀. Etí ni wọ́n fi ń gún un, kì í ṣe ojú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí Mọ́mì mi máa ń sọ nìyẹn? Ní Ìbàdàn, wọ́n á wà níta tí wọ́n ń dirun fún ẹnì kan, èmi á wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń gún ata. Wọn ò ní wò mí rárá. Wọ́n á kàn pariwo láti ọ̀nà jíjìn: "Kàmọ́rù, kò tíì kúnná!" Mo máa ń rò pé àjẹ́ ni wọ́n!

Nígbà tí gbogbo wa gún un tán, Paa Mina gbé ike kan wá, wọ́n ṣí i. Nǹkan dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó lẹ̀ pọ̀ bí amọ̀. Edé ni, tí wọ́n fi iyọ̀ pò, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n sì tún gún. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn ṣe é, àwọn sì máa ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe é. Wọ́n ní láìsí i, ọbẹ̀ ò lórúkọ.

Òórùn rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin èèyàn! Ó lágbára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Manchester fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó di imú, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, ó sì sọ ohun kan fún ìyàwó rẹ̀ nípa ẹja tó ti jẹrà. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé èèyàn búburú ni wọ́n. Wọ́n kàn ń ṣeré ni.

Ẹ̀rín ò kúrò lójú Paa Mina, àmọ́ ó dúró sójú kan bí aago tí bátìrì rẹ̀ ti tán. Wọ́n ní kò sí wàhálà, kò pọn dandan, ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi iyọ̀ lásán sí tirẹ̀. Wọ́n sì mú ìdérí ike, wọ́n rọra dé e.

Mo mọ ojú yẹn. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń dé ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Paa, ẹ fi sí tèmi. Ẹ fi sí i dáadáa." Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wọn wò mí. Paa Mina wá jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n fi ìka bu ú sínú odó mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Pọ̀, pọ̀, pọ̀.

Wọ́n béèrè pé ta ló kọ́ mi ní odó. Mo ní Mọ́mì mi ni. Wọ́n ní ṣé ìyá mi mọ oúnjẹ sè? Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n sè gan-an, wọ́n máa ń sè fún mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, báyìí ńkọ́? Mo mi orí pé rárá.

Ni Paa Mina bá fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ kí Ọlọ́run kẹ́ Mọ́mì mi, kí Ó tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere!

"Rárá, Paa! Wọn ò kú o! Wọ́n wà láàyè! Wọ́n wà ní Peckham!"

Wàsíù gbójú sókè, ojú kan pupa, ojú kan funfun. "Kam, kí lo sọ fún wọn?"

Paa Mina sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní tí ìyá mi bá wà láàyè, tí ara wọ́n sì le, kí ló wá dé tí wọn ò se oúnjẹ fún mi mọ́?

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ìkòkò, ẹ̀rín, ohun tí mo sọ, bisikíìtì. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún láyé nìyẹn, lábẹ́ páànù, lọ́dọ̀ àjèjì. Wàsíù náà ń gbọ́.

"Mummy?" ló ní. "Mummy tó máa ń fún mi ní mọ́ín-mọ́ín lo sọ bẹ́ẹ̀ fún? Kam!"

Ṣé ẹ rò pé Paa Mina rẹ̀ mí lẹ́kún? Wọ́n fi ìgbákọ gbá mi ní èjìká! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí ní èdè tiwọn, ìka wọn ń mì níwájú imú mi. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ yé mi. Mo dọwọ́ bolẹ̀, mò ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ẹ má bínú, ma." Ẹ wò ó, ó ti pẹ́ tí àgbà obìnrin ti bá mi wí bẹ́ẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó tí wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n sè, Paa Mina ò jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n ní kí n fọ odó, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ sè é fún ìyá rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Mo gún ata lẹ́ẹ̀kejì nínú ooru yẹn, òógùn ń kán sórí ẹní. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n di edé gígún wọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Fún ìyá mi.

Ọ̀rá mẹ́ta ò tó o! Nígbà tí a fi máa dé London, gbogbo aṣọ tó wà nínú báàgì mi ló ti gba òórùn. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti pápákọ̀ òfuurufú, obìnrin kan jókòó síwájú mi. Kò pẹ́, ó wo báàgì, ó wo ojú mi, ó dìde, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Wàsíù ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì lé itan, mo ń wo ojú fèrèsé.

Ní Sátidé, mo lọ sí Peckham. Mo ra omi àgbọn, adìẹ hàláàlù, ewé tíì àti ìyókù. Mọ́mì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n kí mi kú àbọ̀, wọ́n ní mo ti dúdú, wọ́n sì ní ṣé kí àwọn gbé omi tíì kaná?

Mo ní, "Rárá, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá kíṣìnì yín lò."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ se nǹkan fún yín."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá, ma."

"Ṣé o ti fún ọmọ ẹnì kan lóyún?"

"Mọ́mì!"

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ máa gé àlùbọ́sà nínú ilé mi?"

Mo bọ́ kóòtù. Wọ́n gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń wo eré. Mo sọ odó igi wọn kékeré kalẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Mo gún, mo gún. Mo rò pé ó ti tó, mo fẹ́ kó o jáde.

"Kò tíì kúnná," wọ́n ní.

Mo tẹ orí mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ojú mi, mo tún gún un.

Lẹ́yìn náà mo tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òórùn edé gba kíṣìnì. Mo rí i tí imú Mọ́mì mi gbéra. Wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ó ń rùn," wọ́n ní.

Wọ́n dìde, wọ́n na ìka, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi sórí ahọ́n. Wọ́n rò ó.

"Edé ni," wọ́n ní. "Àwọn náà ní irú tiwọn."

Wọ́n padà jókòó. Mo da ohun tí mo gún sínú ìkòkò, mo da omi àgbọn lé e. Ẹ̀yìn mi ló kọjú sí wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

"Ṣé o mọ ohun tí mo fi ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣe?"

Mo ní rárá. Mo ní mo rò pé wọ́n gbé e padà sílé.

"Mo gbé e dé inú bọ́ọ̀sì kejì. Mo gbé e lé itan. Mo wá ń wo àwọn èèyàn, mo ní ṣé gbogbo wọn ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ni? Ṣé bó ṣe máa ń rí ní gbogbo Sọ́ńdè nìyẹn, tí mi ò mọ̀? Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Mo dà á sínú bíìnì lẹ́bàá ọ̀nà. Kàmọ́rù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò da oúnjẹ nù rí. Bàbá mi á ti na ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún ní,

"Pé o ní ó ń rùn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé mo gbà ẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò ra irú mọ́. Tí mo bá fẹ́ din ata, mo máa ń ṣí fèrèsé, nínú òtútù."

Mi ò mọ̀ o. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi oúnjẹ jẹ mí níyà ni. Mo rò pé èmi ni mò ń jìyà! Àṣé inú ilé ara wọn ni ojú ti ń tì wọ́n.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kíṣìnì yẹn ò tóbi, orí mi wà lẹ́sẹ̀ kúkà, ẹsẹ̀ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, mo ṣẹ̀ yín. Irọ́ ni mo pa. Kò rùn. Ojú ló ń tì mí níwájú àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ yín kọ́, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ẹ dárí jì mí." Mo tún sọ àwọn nǹkan míì tí mi ò ní kọ síbí.

Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Mo kàn gbọ́ tí àga dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Dìde, jàre," wọ́n ní. "Ọbẹ̀ ẹ ti ń hó dànù."

Nígbà tí mo dìde, wọ́n ti gba ìgbákọ. Wọ́n fi ìdí tì mí kúrò nídìí kúkà, wọ́n rẹ iná sílẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò nínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i láì bi mí. A fi ìrẹsì jẹ ẹ́. Wọ́n ní àgbọn ti pọ̀ jù, pé ó dà bí ìpara. Wọ́n ní adìẹ náà ò tíì rọ̀ dáadáa. Wọ́n bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo fọ àwo. Wọ́n jẹ́ kí n fọ̀ ọ́! Mo ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tí wọ́n wọ kóòtù.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Mọ́mì?"

"Wọ bàtà ẹ. Jẹ́ ká dé Rye Lane kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ ra irú."

A jọ lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, Mọ́mì mi ṣí ọ̀rá irú, wọ́n ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n fà á símú títí, wọ́n sì dijú.

"Ṣé ó dáa, Mọ́mì?"

Wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èèyàn ń kọjá, ẹnì kan wẹ̀yìn wò wá. Wọn ò kà á sí.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ó dáa gan-an."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní pa irọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ti padà sípò. Mọ́mì mi ò tíì gbé ìkòkò wá sí Forest Hill, mi ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e wá. Èmi ni mò ń lọ ní Sọ́ńdè báyìí. Èmi ni mò ń gún ata.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tí o bá sọ̀rọ̀ burúkú sí ọ̀tá rẹ, á bú ọ padà, ọ̀rọ̀ á parí. Tí o bá sọ ọ́ sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ, ó lè gbà ọ́ gbọ́. Má jẹ́ kó pẹ́ kó o tó lọ sọ fún un pé irọ́ ni. Má ṣe bíi tèmi tó jẹ́ pé ìyá oníyàá ló fi ìgbákọ lé mi padà sílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Oúnjẹ wo lẹ ti sẹ́ rí níwájú àlejò, tó jẹ́ pé òun lẹ fẹ́ràn jù? Ta lẹ sọ̀rọ̀ sí, báwo lẹ sì ṣe padà lọ bá a? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, ẹ má tijú, èmi náà ti sọ tèmi. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò tíì lọ bẹ ẹni náà, ẹ fi ìwé kíkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù.